Àṣìṣe Olórin Dùgbẹ̀

Ohun tó mú kí ẹgbẹ́ náà dùn mọ́ Safiyyah ni pé kò sí ẹni tó lè dárúkọ àwo orin kan níbẹ̀ kó sì yọ́ lọ wọ́ọ́rọ́. O gbọ́dọ̀ sọ ìdí. Òfin Luqman nìyẹn, Luqman tó dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ lórí Wásáàpù, tí gbogbo wọn ń pè ní Ádímìn. Bó bá ti di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé, á kọ ọ́ síbẹ̀ pé, "Àwo wo lẹ̀ ń gbọ́ lọ́sẹ̀ yìí, kí sì nìdí rẹ̀?" Àwọn ọmọ Ìbàdàn á sì bẹ̀rẹ̀ sí í dáhùn.

Qonitah tó ń kàwé lọ́wọ́, tó yá yàrá gbé ní Àgbowó, á ní àwo rápù kan lòun ń gbọ́, nítorí pé ẹni tó kọ ọ́ mọ èébú bú, òun sì ní onílé tí òun ò lè bú lójú. Ọlálẹ́yẹ, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń gbé ní Bódìjà, á ní àwo ẹgbẹ́ akọrin ìjọ kan ni tòun, nítorí pé ohùn obìnrin kan wà nínú rẹ̀ tó jọ ohùn ìyá òun tó wà ní Àkúrẹ́, ó sì ti pẹ́ tí òun ti rí wọn.

"Dìde, kó o lọ wo ìyá ẹ," ni Qonitah á fèsì. "Àwo ò lè bá ọ kí wọn."

Safiyyah á máa ka gbogbo rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta gíláàsì ojú ní Ring Road, níbi tó ti ń ṣiṣẹ́. Á nu gíláàsì kan, á ka ọ̀rọ̀ kan. Ṣùgbọ́n bó bá kan ti Luqman, á gbé gíláàsì sílẹ̀. Luqman kọ ọ́ nígbà kan pé àwo afunfèrè kan lòun ń gbọ́, nítorí pé ó dá wà nínú orin rẹ̀, ojú ò sì tì í pé ó dá wà. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Safiyyah lára bí omi tútù lọ́sàn-án ẹ̀ẹ̀rùn. Nínú àwọn ìwé ìfẹ́ pẹlẹbẹ tó máa ń yá kà, ọkọ̀ gígùn ni ọkùnrin máa ń fara tì kí ọkàn obìnrin tó yọ́. Luqman ò ní ọkọ̀. Ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ló ní ní Challenge, níbi tó ti ń bá àwọn ènìyàn gba orin inú kásẹ́ẹ̀tì àtijọ́ sínú fóònù. Síbẹ̀, ọkàn Safiyyah ti yọ́ tán.

Lọ́sẹ̀ tí à ń wí yìí, kò sí àwo kankan létí rẹ̀. Kásẹ́ẹ̀tì kan ló gba ọkàn rẹ̀, kásẹ́ẹ̀tì náà sì ti bàjẹ́.

Kásẹ́ẹ̀tì náà ju Safiyyah lọ lọ́jọ́ orí. Nígbà tí Gbádérọ̀, bàbá rẹ̀, ṣì jẹ́ ọ̀dọ́kùnrin tó ń bá ọ̀gá kan ta wáyà iná, ọ̀gá yẹn ṣí ṣọ́ọ̀bù tuntun ní Dùgbẹ̀. Wọ́n pe olórin onígìtá kan tó ń jẹ́ Ọládàpọ̀ kó wá fi orin ṣí i. Wọ́n gba orin ọjọ́ náà sílẹ̀, wọ́n pè é ní "Ṣọ́ọ̀bù Tuntun ní Dùgbẹ̀", wọ́n sì pín kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ fún àwọn tó wá. Ẹni tó bá mọ àwọn olórin wa mọ̀ pé orúkọ ènìyàn ni iyọ̀ ọbẹ̀ wọn. Wọ́n á kí onílé, wọ́n á kí àlejò, wọ́n á kí ọkọ mọ́ ìyàwó. Ibi tí Ọládàpọ̀ ti ń kí wọn lọ ràì ló ti kọ ọ́ lórin pé:

Gbádérọ̀ ọkọ Kùdí,
Kùdírátù aya Gbádé,
ẹ̀yin méjì tẹ́ ẹ jọ ń tàn bí iná,
wáyà yín ò ní í já.

Wáhálà dé. Kùdírátù kì í ṣe aya ẹnikẹ́ni. Ilé tí wọ́n ti ń kọ́ tàìpù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù náà ló ti ń kọ́ṣẹ́, ó kàn yà síbẹ̀ lọ mu ohun tútù ni. Ọ̀rọ̀ òun àti Gbádérọ̀ ò tíì kọjá "ẹ káàárọ̀". Nígbà tí kásẹ́ẹ̀tì wá jáde, tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é ní ìyàwó oníwáyà, inú bí i. Ó ní òun ń lọ bá olórin yẹn nílé kó wá tún ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ ṣe. Gbádérọ̀ ní òun á sìn ín lọ, ó ṣe tán, orúkọ tòun náà wà níbẹ̀. Wọn ò bá olórin nílé. Wọ́n tún lọ, olórin ti gba Ìlọrin lọ. Wọ́n tún lọ. Ọ̀nà ilé olórin jìn, wọ́n á máa sọ̀rọ̀ lọ, wọ́n á máa sọ̀rọ̀ bọ̀. Ìgbà tí wọ́n fi máa bá Ọládàpọ̀ nílé, ohun tí wọ́n bẹ̀ ẹ́ ni pé kó wá bá àwọn kọrin níbi ìgbéyàwó àwọn.

Àṣìṣe olórin ló bí Safiyyah. Bàbá rẹ̀ máa ń sọ ọ́ fún àlejò, wọ́n á sì rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú wọn.

Kásẹ́ẹ̀tì yẹn ò kúrò nínú ilé wọn ní Ṣàngó. Kò ní ìbẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá ti tẹ̀ ẹ́, orí orúkọ Gbádérọ̀ ló máa ń já lé, gbàù. Bàbá ní rédíò ló jẹ apá ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láyé ọjọ́un. Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, bí Màámi bá ń dáná, kásẹ́ẹ̀tì á máa kọrin, Màámi á máa gbè é. Nígbà tí Bàbá jáde láyé, orin yẹn ló kù tó ń pe Màámi ní aya ẹnì kan. Bàbá ò fi ohùn kankan sílẹ̀. Fóònù olótọ́ọ̀ṣì ni wọ́n lò títí dọ́jọ́ ikú wọn, wọ́n ní ọ̀rọ̀ ẹnu ò yẹ kó máa sùn sínú irin.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó kọjá, rédíò jẹ kásẹ́ẹ̀tì náà. Ohùn Ọládàpọ̀ wú, ó fà, ó dákẹ́. Safiyyah sáré mú bírò, ó fẹ́ fi yí i padà, okùn rẹ̀ sì já sí i lọ́wọ́ bíi núdù tó jinná jù.

Màámi wo ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Fi sílẹ̀," ni wọ́n wí. "Kì í ṣe ẹjọ́ ẹ. Ohun tó bá ti gbó á já." Wọ́n padà sídìí ọbẹ̀ wọn. Láti ìgbà náà, ilé ìdáná wọn dákẹ́ bí ilé tí ènìyàn ò gbé. Èyí ló ń dun Safiyyah. Kì í ṣe kásẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ Màámi ni.

Gbogbo rẹ̀ ló kọ sínú ẹgbẹ́ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé. Ó ní, "Àwo tí mò ń gbọ́ lọ́sẹ̀ yìí, inú orí mi nìkan ló kù sí. Ìdí rẹ̀ ni pé ìyá mi ò kọrin mọ́." Ó wá sọ ìtàn Dùgbẹ̀ fún wọn látòkèdélẹ̀.

 Qonitah kọ ọ́ pé, "Safiyyah, o ti bà mí lójú jẹ́, mo sì ṣẹ̀ṣẹ̀ lé tìróò ni." Luqman ò kọ ohunkóhun síbẹ̀. Inú fóònù Safiyyah gan-an ló kọ ọ́ sí: "Gbé e wá sí Challenge lọ́la. Mo bẹ̀ ọ́, má fi bírò kàn án mọ́."

Nígbà tí Safiyyah débẹ̀, íapíìsì ńlá kan wà lọ́rùn Luqman, ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì àtijọ́ sì yí i ká bí adìyẹ ṣe ń yí olóúnjẹ ká.

"Ẹ káàsán," ni Safiyyah wí.

Luqman bojú wẹ̀yìn. "Ta lò ń kí? Èmi nìkan ni mo wà níbí."

"Ẹ̀yin náà ni. Ẹ̀gbọ́n mi lẹ jẹ́."

"Ṣé mo wá sọ fún ọ pé àbúrò ni mò ń wá?"

Safiyyah ò mọ ibi tó máa kọjú sí, ó bá kọjú sí kásẹ́ẹ̀tì. Luqman tú u. Ó gbé okùn inú rẹ̀ síwájú iná, ó mi orí, ó ní ara rẹ̀ ti bó, kò ṣeé tún ṣe. Ṣùgbọ́n nígbà tó fà á dé ìbẹ̀rẹ̀ pátápátá, ó súnmọ́ ọn, ó tún wò ó.

"Ta ló sọ fún ọ pé rédíò ló jẹ ibí yìí?"

"Bàbá mi ni."

"Ohun tí rédíò bá jẹ máa ń wú, á sì máa rún. Wo èyí. Ó gún gẹẹrẹ, wọ́n sì fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ra." Luqman gbójú sókè. "Safiyyah, rédíò kì í ní àlùmọ́gàjí. Ẹnì kan ló mọ̀ọ́mọ̀ gé e."

Safiyyah gba kásẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ rẹ̀, ó wò ó. Bàbá nìkan ló máa ń fọwọ́ kan kásẹ́ẹ̀tì yẹn nígbà náà. Kí ni Bàbá gé? Ọkùnrin kì í gé orúkọ ara rẹ̀ kúrò nínú orin. Àbí orúkọ obìnrin mìíràn ni Ọládàpọ̀ kọ́kọ́ so mọ́ ti Gbádérọ̀ kó tó wá kan Kùdírátù? Bó bá rí bẹ́ẹ̀, á jẹ́ pé ẹ̀rín gbogbo ọdún wọ̀nyẹn ní nǹkan lábẹ́.

Luqman rí i lójú rẹ̀. "Ṣé kí n bá ọ wá ẹ̀dà rẹ̀ mìíràn lọ́dọ̀ àwọn tí wọ́n pín in fún?" ló béèrè, ohùn rẹ̀ sì rọ̀. "Bí o bá ní kí n fi sílẹ̀, mo fi sílẹ̀."

Safiyyah ronú kan ilé ìdáná tó dákẹ́. "Ẹ bá mi wá a," ló wí.

Wíwá náà kì í ṣe ti ẹnì kan. Qonitah tó mọ gbogbo ènìyàn ló wádìí títí tó fi mọ̀ pé ọ̀gá oníwáyà ti kú, ṣùgbọ́n pé Abdulmojeed, ọmọ rẹ̀, ń gbé ní Ẹlẹ́yẹlé. Ọlálẹ́yẹ ló rí nọ́ḿbà rẹ̀ gbà. Luqman ló lọ. Ó kọ́kọ́ lọ, wọ́n ní kọ́kọ́rọ́ sítóò ò sí nílé. Ó tún lọ, òjò lé e padà. Ó tún lọ, Abdulmojeed bá a gbé páálí kan sílẹ̀ láàárín apẹ̀rẹ̀ ẹja tí ìyàwó rẹ̀ ń tà. "Ṣọ́ọ̀bù Tuntun ní Dùgbẹ̀" wà nísàlẹ̀ rẹ̀, òdidi, bó ṣe wà lọ́jọ́ tí wọ́n pín in, àfi pé ó ń rùn bí ẹja yíyan. Nígbà tí Safiyyah gbọ́ bó ṣe ń lọ tó ń bọ̀, ó rántí Gbádérọ̀ àti Kùdírátù lójú ọ̀nà ilé olórin. Kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, Luqman dé Ṣàngó pẹ̀lú ẹ̀rọ kan lábẹ́ apá. Safiyyah pàdé rẹ̀ lẹ́nu géètì.

"Kí ló wà níbẹ̀?" ló béèrè. "Ibi tí Bàbá gé. Ẹ ti gbọ́ ọ, àbí?"

"N ò gbọ́ ọ. Mo kàn yí i dé ìbẹ̀rẹ̀ ni. Kì í ṣe èmi ló yẹ kí n kọ́kọ́ gbọ́ ọ."

Safiyyah fẹ́ràn rẹ̀ fún èyí ju bó ṣe lè fẹ́ràn ẹnikẹ́ni tó fara ti ọkọ̀.

Luqman dọ̀bálẹ̀ kí Màámi. Màámi wò ó látòkè délẹ̀.

"Ìwọ ni Ádímìn? Dìde, jàre. Orúkọ ẹ ni ọmọ yìí fi ń ṣe tẹ̀sùbáà nínú ilé."

"Màámi," ni Safiyyah wí, ó fẹ́ kí ilẹ̀ lanu.

"Ṣé mo parọ́?"

Safiyyah jókòó ti Màámi. Ó lè mú kí Luqman bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí tilé ti máa ń bẹ̀rẹ̀, kó sì fi ìyókù bò. Ṣùgbọ́n kò lè fi irọ́ dá orin padà fún ìyá rẹ̀. Ó sọ ọ̀rọ̀ àlùmọ́gàjí fún wọn, gbogbo rẹ̀. Màámi fi àtàńpàkò yí òrùka ọwọ́ wọn.

"Fi sí i," ni wọ́n wí. "Ohun yòówù tí bàbá ẹ bá gé, tèmi náà ni."

Luqman tẹ̀ ẹ́. Gìtá kọ́kọ́ dún, ó mọ́ kedere bí ẹni pé ẹnu ọ̀nà ni wọ́n wà. Lẹ́yìn náà orin rọlẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu bẹ̀rẹ̀. Ọládàpọ̀ ló ń sọ̀rọ̀, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Gbádérọ̀, mo ti kí ọ̀gá ẹ. Ta ni ká tún bá ọ kí?"

Ohùn ọ̀dọ́kùnrin kan dáhùn, ó súnmọ́ ìtòsí gan-an. "Ẹ bá mi kí Kùdírátù."

Màámi di ọwọ́ Safiyyah mú.

"Ta ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?"

"Òun nìyẹn lẹ́nu ọ̀nà, tó wọ búlúù, tó ń mu míníràlì."

"Kí ló jẹ́ sí ọ?"

Gìtá ṣe kínrin kan níbẹ̀, bí ẹni pé òun náà fẹ́ gbọ́. Ohùn Gbádérọ̀ wá rọlẹ̀.

"Ìyàwó mi ni. Òun fúnra rẹ̀ ni ò tíì mọ̀."

Gbogbo àwọn elégbè olórin bú sẹ́rìn-ín. Ọládàpọ̀ ní, "Á mọ̀ lónìí." Orin sì gbéra: Gbádérọ̀ ọkọ Kùdí, Kùdírátù aya Gbádé.

 Omi ń ṣàn lójú Màámi, ejìká wọn sì ń mì. Safiyyah kọ́kọ́ rò pé ẹkún ni, kó tó mọ̀ pé ẹ̀rín ni.

"Gbádérọ̀," ni wọ́n wí, bí ẹni pé ó wà ní yàrá kejì. "Ìwọ ọkùnrin yìí. Mo bá olórin yẹn jà. Mo ní etí rẹ̀ ti di. Ó kàn ń rẹ́rìn-ín ni, kò tú àṣírí ẹ fún mi. Ìwọ náà sì ń bá mi bínú sí i lójú ọ̀nà." Wọ́n fi ìborùn nu ojú. "Ìyẹn ló ṣe gé e. Ẹnu ọ̀nà ni mo wà lọ́jọ́ yẹn, n ò gbọ́ wọn, kásẹ́ẹ̀tì tiẹ̀ nìkan ni mo sì gbọ́ rí. Ó fẹ́ kí n máa rò pé Ọlọ́run ló mú kí olórin ṣì wí."

Wọ́n yíjú sí Luqman. "Ọmọ mi, fà á padà."

Luqman fà á padà. Ìyàwó mi ni. Òun fúnra rẹ̀ ni ò tíì mọ̀.

"Tún fà á padà."

Kò rẹ̀ ẹ́. Nígbà tí Màámi gbọ́ ọ tẹ́ wọn lọ́rùn, ó gba gbogbo rẹ̀ sínú fóònù wọn, ó tún gbà á sínú ti Safiyyah, kó má bàa tún sọnù láé. Màámi ń wò ó bó ṣe ń ṣe é, wọn ò sì gbójú kúrò.

"Ṣé àwọn ọ̀rẹ́ yín tó bá wa wá a, mo lè dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn?" ni wọ́n béèrè.

Safiyyah ṣí ẹgbẹ́ náà, ó fi ibi tí wọ́n máa tẹ̀ mọ́lẹ̀ hàn wọ́n. "Bẹ́ ẹ bá ti sọ tán, kẹ́ ẹ gbé ìka kúrò. Á lọ fúnra rẹ̀."

Màámi tẹ̀ ẹ́. Wọ́n túnra ṣe lórí àga bí ẹni tó fẹ́ gba orin sílẹ̀.

"Ẹ̀yin ọmọ mi inú Wásáàpù, Alhamdulillah, mo kí yín. Èmi ni ìyá Safiyyah. Ohun tẹ́ ẹ ṣe fún mi, owó ò lè rà á. Ẹ dá ohùn ọkọ mi padà fún mi. Qonitah tó ń gbé Àgbowó, ilé tìrẹ á dé, o ò ní í rí ìjà onílé mọ́. Ọlálẹ́yẹ, mo dúpẹ́, ṣùgbọ́n lọ wo ìyá ẹ. Abdulmojeed àti ìyàwó rẹ̀ ní Ẹlẹ́yẹlé, tí wọ́n fi ẹja bá mi tọ́jú orin, ọjà wọn á tà. Luqman àti ìyàwó rẹ̀, Safiyyah, wáyà yín ò ní í já. Àmín."

Wọ́n gbé ìka kúrò.

Safiyyah já fóònù gbà lọ́wọ́ wọn. "Màámi, kí lẹ sọ yẹn?"

"Kí ni mo sọ? Mo kí àwọn ènìyàn ni."

"Mo máa pa á rẹ́."

"Fi sílẹ̀," ni Màámi wí pẹ̀lẹ́. "Bàbá ẹ gé tiẹ̀, wo bó ṣe pẹ́ tó kí n tó gbọ́ ọ."

Àmì búlúù ti yọ sórí fóònù. Qonitah ló kọ́kọ́ fèsì: "Àmín o, Mọ́mì. Ádímìn, wahala dey o." Ọlálẹ́yẹ ní òun máa lọ sí Àkúrẹ́ lọ́la. Lẹ́yìn náà ni "àmín" ń wọlé lórí "àmín", Safiyyah ò sì lè gbójú sókè, nítorí pé Luqman jókòó síwájú rẹ̀, òun náà tẹ orí ba fóònù, ó ń kọ nǹkan.

Ọ̀rọ̀ náà wọlé sínú ẹgbẹ́, níṣojú gbogbo wọn.

"Ọjọ́ Ajé ò tíì pé, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Àwo tí mò ń gbọ́ lọ́sẹ̀ yìí: Ṣọ́ọ̀bù Tuntun ní Dùgbẹ̀. Ìdí rẹ̀: ìyàwó tí Màámi bá mi kí nínú ohùn yẹn, mo ti mọ̀ tipẹ́. Òun fúnra rẹ̀ ni ò tíì mọ̀."

Safiyyah kà á. Ó tún un kà. Màámi ti dìde, wọ́n ti gba ilé ìdáná lọ, wọ́n fi àwọn méjèèjì sílẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì àti òórùn ẹja yíyan.

Safiyyah gbójú sókè níkẹyìn. Kò sọ "ẹ" mọ́.

"Luqman," ló wí, "ṣé o máa jẹun?"

Kó tó dáhùn, wọ́n gbọ́ tí ìkòkò dún nílé ìdáná, wọ́n gbọ́ tí ọbẹ bẹ̀rẹ̀ sí í gé àlùbọ́sà, lẹ́yìn náà ni ohùn Màámi gbéra lórí rẹ̀, ó kọ́kọ́ rọ̀, ó wá le: Gbádérọ̀ ọkọ Kùdí.